Ìwé Kan Lábẹ́ Káńtà: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àrùn àti Ariwo Ládùúgbò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ọjọ́ Ajé kan nínú òjò, kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù oògùn mi tán ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n, ẹni mẹ́rin ti ra Flagyl, oògùn tí àwọn èèyàn ń lò bí wọ́n bá ń yàgbẹ́ gbuuru. Kò sí ọjọ́ tí èèyàn kì í béèrè Flagyl lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́rin kí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ tó lù, láti ojúlé mẹ́ta tó fara kan ara wọn, ó yẹ kó kọ mí lóminú. Mo tà á, mo gba owó mi, ó parí. Ní ọjọ́ kẹta ni mo gbọ́ pé wọ́n ti gbé ìyá àgbàlagbà kan láti ọ̀kan nínú àwọn ilé yẹn lọ sí ọsibítù lóru, omi ara rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ wá jókòó síwájú káńtà mi, ìbéèrè mẹ́ta péré ló bi mí: ọjọ́ wo lẹ kọ́kọ́ rí i, ẹni mélòó, ojúlé wo? Mo ní, "Wọ́n pọ̀ díẹ̀, ẹ̀gbọ́n." Ó wò mí títí. "Wọ́n pọ̀ díẹ̀" kò ṣeé kọ sínú fọ́ọ̀mù.

Ìyá náà yè, ọpẹ́ ni. Ọjọ́ yẹn ni mo ra ìwé kan tí mo fi sábẹ́ káńtà.

Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ ariwo náà wọ inú ìwé kan náà. Àwọn kan máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀: kí ló pa àrùn àti ariwo pọ̀? Ìjọba ìbílẹ̀ kan náà la ó gbé méjèèjì lọ, ohun kan náà ló sì ń ba méjèèjì jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́: a máa ń ké nípa wọn, a kì í kọ wọ́n sílẹ̀. Bí ẹni tí kì í ṣe dókítà, tí kì í sì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba, ṣe lè ṣọ́ àdúgbò rẹ̀ débi pé ẹni tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yóò gbéra, òun ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ yìí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń lọ

Ìlú kan ni Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro. Ti Àríwá ní sẹkitéríàtì rẹ̀ ní Kínnìrá, ti Gúúsù wà ní Arówómọlé. Bí ẹ bá jáde sẹ́yìn ìlú díẹ̀, ẹ lè ti bọ́ sí Orí Ire, Ògo Olúwa tàbí Súrùlérè kí ẹ tó mọ̀. Mo mọ ẹnìkan ní Ìjẹrù tó fi oṣù méjì gbé ẹjọ́ jẹnẹrétọ̀ lọ sí Kínnìrá, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ fún un pé Arówómọlé ló ni ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù yín: wọ́ọ̀dù wo la wà? Ìdáhùn yẹn ni kó wà lójú ewé àkọ́kọ́.

Nínú ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa ṣọ́ àrùn tó ń ràn, kó sì máa fi tó ìpínlẹ̀ létí. DSNO ni gbogbo èèyàn ń pè é, ẹ má wulẹ̀ wá orúkọ mìíràn fún un. Ìkejì ni òṣìṣẹ́ ìlera àyíká, tí àwọn bàbá wa ń pè ní wolé-wolé. Òun ló ni ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí, ṣáláńgá, oúnjẹ títà àti ariwo. Ẹ lọ sí ibùdó ìlera tó sún mọ́ yín, ẹ gba nọ́ńbà àwọn méjèèjì, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà méjì mìíràn kún un: 6232 ni ti NCDC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dènà àrùn; 615 ni ti pàjáwìrì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Bí a ṣe ń la ìwé

Òpó méje ni mo là sí tèmi. Ọjọ́ tí mo gbọ́. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ lára aláìsàn, èyí tí kì í sábà bá ọjọ́ tí mo gbọ́ mu. Ibi tó wà. Ọkùnrin ni àbí obìnrin, ọmọ ọdún mélòó. Ohun tí ojú rí. Ibi tó ti ń bọ̀, kànga tó ń pọn, ohun tó jẹ. Òpó tó kẹ́yìn: ẹni tí mo sọ fún àti agogo tí mo sọ ọ́.

Òpó "ohun tí ojú rí" ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣì. Ẹ má kọ orúkọ àrùn síbẹ̀. Ẹ má kọ "onígbáméjì"; ẹ kọ "ó ti yàgbẹ́ olómi nígbà mẹ́jọ láti òru, ó funfun bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú". Bí ẹ bá fún àrùn lórúkọ, mọ̀lẹ́bí yóò bá yín jà, òṣìṣẹ́ ìlera yóò sì béèrè ta ló sọ yín di dókítà. Ohun tí ojú rí, ta ni yóò bá yín jiyàn lé e lórí?

Òpó "ibi tó ti ń bọ̀" ṣe pàtàkì ní ìlú tiwa ju ti ibòmíràn lọ. Ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ sì ti ń rìnrìn àjò òwò láti ayébáyé. Ó ṣòro kéèyàn dé ọjà ńlá kan ní Òkè Ọya kó má bá tiwa níbẹ̀. Nítorí náà, "níbo lẹ ti ń bọ̀?" kì í ṣe ìkíni lásán lẹ́nu ẹni tó ń ṣọ́ àdúgbò. Ibà tó mú ẹni tí kò kúrò ní Tákíè rí, àti ibà kan náà lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ọ̀wọ̀ dé, ọ̀rọ̀ méjì ni lójú DSNO, torí ìpínlẹ̀ Oǹdó wà lára ibi tí ibà Lassa ti ń jà jù.

Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà kan àti àmì ilé ti tó: "A., ilé alágbàdo, ẹ̀yìn kànga". Ìwé lè sọnù, ọmọ lè ṣí i wò. Ẹ má gbé fọ́tò aláìsàn tàbí ilé rẹ̀ sórí WhatsApp àdúgbò láéláé. Ilé tí ojú bá tì lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ tí àìsàn tún dé ibẹ̀, wọn yóò ti ilẹ̀kùn ni, ẹ ò sì ní gbọ́ títí òkú yóò fi jáde.

Àwọn àmì tó yẹ kó mú yín dìde

Bí àgbàlagbà bá ń ṣu omi, ẹ yára fura. Ọmọdé a máa yàgbẹ́ gbuuru nítorí oríṣiríṣi nǹkan, ṣùgbọ́n géńdé tó yàgbẹ́ olómi nígbà mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, tí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ ń fà, ẹ gbé fóònù. Kọ́lẹ́rà, onígbáméjì yẹn, lè fi wákàtí díẹ̀ péré pa èèyàn. Láàárín wákàtí díẹ̀ sí ọjọ́ 5 lẹ́yìn tí kòkòrò rẹ̀ bá wọ ikùn ló ń hàn, nítorí náà ohun tí aláìsàn jẹ tí ó sì mu láàárín ọjọ́ 5 sẹ́yìn ni kí ẹ béèrè, kì í ṣe ti àárọ̀ nìkan. Ẹ béèrè kànga. Bí ilé mẹ́ta bá ń ṣàìsàn, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ń pọn kànga kan, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ DSNO fún un. Mo ya àwòrán àdúgbò sí àárín ìwé mi, àmì róbótó ni kànga, igun mẹ́rin ni ṣáláńgá. Wolé-wolé fẹ́ kí ó kéré tán mítà 30 wà láàárín méjèèjì. Bí ẹ bá fi ìṣísẹ̀ wọn tàdúgbò yín, ẹnu á yà yín.

Kí òṣìṣẹ́ tó dé, ẹ má dúró lásán. Ẹ fún aláìsàn ní ORS, ìyẹ̀fun oníyọ̀ àti ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi. Bí kò bá sí, lítà 1 omi tó mọ́ (píọ́-wọ́tà 50cl méjì gééré nìyẹn), ṣíbí ìmutíì ṣúgà 6 tó tẹ́jú, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan. Iyọ̀ kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ léraléra, kódà lójú ọ̀nà ọsibítù. Èmi tí mo ń ta Flagyl ni mo sọ ọ́: Flagyl kọ́ ni yóò dá omi ara padà.

Ìkejì tí mi ò fi ń ṣeré ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15 tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé rọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni Áfíríkà gba ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò rọpárọsẹ̀ àdánidá ti kásẹ̀ nílẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí, oríṣi kan tó ń ti ara àjẹsára olómi jáde ṣì ń rìn níbi tí ọmọ tí kò gba àjẹsára bá pọ̀ sí. Ìgbẹ́ ọmọ náà ni wọn yóò gbà lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán wákàtí 24 láàárín méjèèjì, kí ọjọ́ 14 tó pé lẹ́yìn tí ẹsẹ̀ rọ, wọn yóò sì gbé e nínú yìnyín lọ sí ibi àyẹ̀wò. Bí ọjọ́ bá ti kọjá, àyẹ̀wò náà kò ní fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Ìyá ọmọ yóò sọ fún yín pé abẹ́rẹ́ ibà ló ba ẹsẹ̀ jẹ́, tàbí pé ó ṣubú. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ẹ pè. Iṣẹ́ tiyín kọ́ ni láti yanjú ìyẹn.

Ibà tí kò gbọ́ oògùn ibà. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ dá mọ̀ ní ìlú Lassa ní Borno ní 1969, máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ibà gbogbo: ara gbígbóná, ara ríro, ọ̀nà ọ̀fun dídùn, èébì, àyà dídùn. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá fi máa yọ láti imú tàbí ẹnu, ó ti pẹ́. Òfin tèmi ni pé bí ẹnìkan bá ti lo oògùn ibà tó péye, tí ara kò sì rọlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, mi ò tún tà fún un mọ́. Ọsibítù ni, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku tó bá kan oúnjẹ ni orísun rẹ̀. Àwa tí a ń sá láfún àti ẹ̀gẹ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà láti ìgbà kajú títí di òjò, tí a ń kó o wọ ìyẹ̀wù ní alẹ́ láìbò, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ọjọ́ 21 ni wọ́n ń ṣọ́ ẹni tó bá fara kan aláìsàn Lassa. Ìdá mẹ́rin àwọn tó yè é, etí ìdá kan ni kì í gbọ́ràn dáadáa mọ́; àwọn kan rí díẹ̀ gbà padà lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn kan kò rí i mọ́.

Àwọn yòókù, ní kúkúrú. Èéyí: ibà, ara tó sú, pẹ̀lú ikọ́ tàbí ojú pípọ́n, ẹ béèrè bóyá ọmọ gba abẹ́rẹ́ oṣù 9 àti ti oṣù 15. Àwọn àgbà kì í fẹ́ dárúkọ ohun tó bá ń sú jáde lára, olóde ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì gbé ọmọ pamọ́. Ẹ fi sùúrù wọlé. Ibà tí ẹyinjú di àwọ̀ èso ìyeyè láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ìkókó tó ti ń mu ọmú dáadáa, tí ẹnu rẹ̀ wá pa dé láàárín ọjọ́ 3 sí 28, tí ara rẹ̀ ń le gbagidi. Yírùnyírùn nígbà ọyẹ́: ibà, orí fífọ́, ọrùn tó le. Ajá tó ṣàdédé bu ènìyàn jẹ: ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò fún ìṣẹ́jú 15, abẹ́rẹ́ dìgbòlugi lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má fi epo pa á. Ṣóbìyà pàápàá ṣì wà lórí àkọsílẹ̀ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Nàìjíríà ti gbàwé ẹ̀rí lórí rẹ̀ láti 2013. Ikú méjì tí kò yéni nínú ilé kan láàárín ọ̀sẹ̀ kan, tàbí adìẹ àdúgbò tó ń kú rẹpẹtẹ, ẹ kọ ìyẹn náà.

Ta ni yóò máa sọ fún yín?

Ẹ ò lè máa wọ ilé onílé kiri; wọ́n á ní ẹ̀ ń ṣe amí. (Wọ́n ti pè mí bẹ́ẹ̀ rí, mo rẹ́rìn-ín, mo fún wọn ní ORS.) Àwọn tí ọ̀rọ̀ ń wá bá ni kí ẹ sún mọ́: ẹlẹ́kẹ́mísìtì bíi tèmi, alágbo, ìyá abiyè, olùkọ́ tó ń pe orúkọ ọmọ láàárọ̀, ìyá tó ń lọta, ẹni tó ń gbẹ́ sàréè. Agbẹ́sàréè mọ̀ ju gbogbo wa lọ, kò sẹ́ni tó ń bi í. Olùkọ́ kan sọ fún mi pé ìgbà tí ọmọ márùn-ún kò wá sí kíláàsì kan náà ni òun kọ́kọ́ mọ̀ pé èéyí ti wọ àdúgbò, kí ibùdó ìlera tó mọ̀.

Ìpè náà

Ọjọ́ tí ẹ bá rí i ni kí ẹ pè. Àwọn àrùn tó le, wákàtí 24 ni òfin fún ibùdó ìlera láti fi tó òkè létí. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ló ti pẹ́. Ẹ má dúró kó dáa lójú yín. Ìfura ni iṣẹ́ tiyín, àyẹ̀wò ni tiwọn. Báyìí ni mo ṣe ń sọ ọ́:

"Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Èmi oníṣọ́ọ̀bù oògùn Ìsàlẹ̀-Afọ́n ni. Láti alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àgbà mẹ́ta nínú ilé méjì ń yàgbẹ́ olómi, obìnrin méjì, ọkùnrin kan. Kànga kan ni wọ́n ń pọn. Ẹnìkan kò lè dìde. Wọ́n ti ń gbé e lọ sí ọsibítù. Kò sẹ́ni tó kú."

Kò pé ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà ránṣẹ́, torí ìpè kì í fi ẹsẹ̀ sílẹ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ ń fi í sílẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ náà kò bá gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ẹ pe 6232.

DSNO yóò wá wò, yóò kọ fọ́ọ̀mù, wọn yóò gba ẹ̀jẹ̀ tàbí ìgbẹ́ fún àyẹ̀wò. Ẹ bá a dé ilé náà, kí ojú tí wọ́n mọ̀ wà níwájú. Ẹ béèrè èsì lẹ́yìn náà, ẹ̀tọ́ yín ni. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń kú jù nìyẹn: èèyàn pè lẹ́ẹ̀mẹta, kò gbọ́ nǹkan kan, kò pè mọ́. Mo ti bínú bẹ́ẹ̀ rí. Nísinsìnyí, èmi fúnra mi ni mo ń pè padà ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo sì ń kọ èsì sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí mo kọ́kọ́ kọ.

Ọ̀sẹ̀ ìlera bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ Ajé, ó parí lọ́jọ́ Àìkú. Ní alẹ́ Àìkú, ẹ ka iye tí ẹ kọ. Bí kò bá sí nǹkan kan, ẹ kọ òdo, kí ẹ sì fi ránṣẹ́. Ó máa ń jọ eré lójú àwọn èèyàn. Ṣùgbọ́n bí ìwé yín bá ṣófo, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ bóyá ara le ládùúgbò ni àbí ẹ sùn lọ. Òdo ń sọ pé ẹ wò ó, kò sí.

Ariwo: ìwọ̀n tí òfin mọ̀

Ìlànà ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká, ń bójú tó, jáde ní 2009. Ojú ọjọ́ ni agogo 6 àárọ̀ sí 10 alẹ́. Òru ni 10 alẹ́ sí 6 àárọ̀. Dẹ́síbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn ariwo. Níbi tí ilé gbígbé nìkan wà, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 50 lójú ọjọ́, 35 lóru. Níbi tí ilé àti ṣọ́ọ̀bù ti dà pọ̀, bíi púpọ̀ nínú ìgboro wa, 55 àti 45. Ìtòsí ọsibítù, 45 àti 35. Ká má tan ara wa, ọ̀rọ̀ sísọ lásán láàárín ẹni méjì ti tó nǹkan bí 60. Mi ò rò pé Tákíè mọ 35 lójú rí. Síbẹ̀, nọ́ńbà yìí ni wolé-wolé yóò gbé lé ọwọ́, nítorí náà ẹ mọ̀ ọ́n.

Ìwọ̀n dẹ́síbẹ́ẹ̀lì kì í gùn bí ti ìrẹsì. Bó bá fi 3 lé, agbára ohùn ti di ìlọ́po méjì. Etí lè fara da 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Bó bá di 88, wákàtí 4. 91, wákàtí 2 péré. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ, ẹ dúró ní ìwọ̀n apá kan sí ẹnìkejì yín: bí ẹ bá ní láti kígbe kó tó gbọ́, ẹ ti wà ní àyíká 85. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ní ìdí ẹ̀rọ ìlọta tàbí lọ́dọ̀ wẹ́dà ń wà níbẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, àrùn kankan kò kọjá lára rẹ̀, etí rẹ̀ ń kú lọ.

Bí a ṣe ń wọn ọ́n, tí a sì ń kọ ọ́

Áàpù ìwọn-ariwo wà lórí fóònù. Kò péye tó ẹ̀rọ gidi, fóònù méjì lè sọ nọ́ńbà méjì, nítorí náà ẹ má fi í búra. Ìlò rẹ̀ ni ìfiwéra: fóònù kan náà, ojú kan náà. Ẹ dúró nínú yàrá tí ẹ ń sùn, kí fèrèsé wà ní ṣíṣí, kí fóònù ga tó àyà, kó má fara ti ògiri, kó má sí nínú àpò. Ẹ wọn ọ́n fún ìṣẹ́jú 10 nígbà tí ariwo ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn ọ́n nígbà tí kò sí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni gbogbo èèyàn ń gbàgbé, òun sì ni ẹ̀rí: "38 nígbà tí ó pa, 67 nígbà tí ó tàn."

Ẹ fi ọjọ́ 14 kọ ọ́ láìfo ọjọ́ kan, títí kan ọjọ́ tí ilé rọ̀ wọ̀ọ̀. Agogo tó bẹ̀rẹ̀, agogo tó dá, ibi tó ti ń wá, ohun tó dí lọ́wọ́: ọmọ kò lè kàwé, ẹlẹ́jẹ̀ ríru kò sùn, aboyún jí lẹ́ẹ̀mẹrin. Ẹ má kọ èébú síbẹ̀. Ìwé yẹn lè dé kóòtù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìyá tó ni ẹ̀rọ ìlọta ní ẹ̀yìn ilé wa. Ọdún kan gbáko ni àwa àti ìyá náà ò fi kí ara wa dáadáa. Àwa ní ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo láti òwúrọ̀ dé alẹ́. Òun ní agogo méje òun ń ṣí. Nígbà tí mo kọ ọ́ fún ọjọ́ 14, ìwé tú àṣírí àwa méjèèjì. Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ, ariwo náà kò ju ti ọ̀nà lọ púpọ̀. Agogo 5:20 sí 6:40 ló ń pa wá, ọjọ́ mẹ́sàn-án nínú mẹ́rìnlá. Ìyá kò mọ̀: ọmọ ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣí i láàárọ̀ kùtùkùtù láti lọ ẹ̀wà fún àwọn alákàrà, tí ó sì ń kó owó yẹn sápò. Sàlẹ́ńsà ẹ̀rọ sì ti jábọ́ láti ọdún tó kọjá. Ó ra sàlẹ́ńsà tuntun, ó fi àwọn táyà àlòkù sábẹ́ ẹ̀rọ, ó yí ẹnu páìpù kúrò lójú fèrèsé wa. Ọmọ ìkọ́ṣẹ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀.

Láti ẹnu dé ìwé, láti ìwé dé kóòtù

Ẹ má lọ bá ẹnikẹ́ni nígbà tí ariwo ń lọ lọ́wọ́. Ara yín gbóná, ara tiwọn náà gbóná, ẹ ò sì ní gbọ́ ara yín. Ẹ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ẹ mú àgbà kan dání, ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ sì béèrè ohun kan pàtó: ẹ yí sípíkà kúrò lójú ilé wa, ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọwọ́ ọ̀nà (èéfín rẹ̀ pẹ̀lú, tó lè pa odindi ìdílé lójú oorun), lẹ́yìn agogo 10, ẹ bá wa rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. "Ariwo yín ti pọ̀ jù" kò béèrè nǹkan kan.

Ilé ìjọsìn gba ọgbọ́n. Ẹ má bá pásítọ̀ tàbí lémọ́ọ̀mù lórí pẹpẹ tàbí níwájú ìjọ. Ìgbìmọ̀ ni kí ẹ rí, ẹ mú ọmọ ìjọ wọn kan tó ń gbé ládùúgbò dání, kí ọ̀rọ̀ yín dá lórí sípíkà tó kọjú síta, kó má dá lórí àdúrà. Ìṣọ́ òru lè wà nínú ilé kí ohùn rẹ̀ má kọjá ògiri. Ẹni tó jẹ́ Mùsùlùmí kó lọ bá ti Mùsùlùmí, ẹni tó jẹ́ Kristẹni kó lọ bá ti Kristẹni. Bí a bá yí i padà, ọ̀rọ̀ á di ti ẹ̀sìn kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní Under-G àti Adéníkẹ̀ẹ́, tó jẹ́ ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH, ẹni tó ni họ́sítẹ̀ẹ̀lì ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún yìí kọ́ ni yóò wà níbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀.

Bí ẹnu kò bá tán an, ẹ kọ lẹ́tà. Ojú ewé kan: ibi tí ariwo wà, láti ìgbà wo, àkọsílẹ̀ ọjọ́ 14 ní ẹ̀yìn rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ lọ bá wọn sọ ọ́, ohun tí ẹ fẹ́. Kí ilé márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ fọwọ́ sí i, kó má jọ ìjà ẹni méjì. Ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún ẹ̀ka ìlera àyíká ìjọba ìbílẹ̀, ọ̀kan fún ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù tàbí baálẹ̀, ọ̀kan tí wọn yóò fi òǹtẹ̀ lù fún yín láti mú lọ sílé. Láìsí òǹtẹ̀, ẹ ò tíì gbé ẹjọ́ kankan lọ. Wolé-wolé yóò wá wò, ó lè fún wọn ní nótíìsì tó ní iye ọjọ́ nínú, bí wọ́n bá sì kọ̀, kóòtù ló kàn. Nọ́ńbà fáìlì ni kí ẹ máa fi béèrè, kì í ṣe "ọ̀rọ̀ tí mo wí lọ́jọ́sí". Bí wọ́n bá fi ìjà halẹ̀ mọ́ yín, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ariwo. Tẹ́ṣàn ọlọ́pàá ni.

Lẹ́yìn tí ariwo bá ti rọlẹ̀, ẹ tún kọ ọ́ fún ọjọ́ 14 sí i. Mo kọ ti ìyá ẹlẹ́rọ ìlọta náà bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kọkànlá, òun fúnra rẹ̀ ló kan ilẹ̀kùn mi kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo rò pé ìjà tún ti dé. Ó ní àwọn oníbàárà òun méjì láti agbo ilé kan kò wá lọta láti àná, ọmọ tó wá fún wọn ní inú ló ń run wọ́n, wọn ò lè dìde. Mo ṣí ìwé: ọjọ́ Ọjọ́rú, agogo 6:50, àgbà méjì, agbo ilé kan. Mo béèrè kànga tí wọ́n ń pọn, ó mọ̀ ọ́n. Mo pe Kínnìrá.